Ìtàn Ìgbésí Ayé Hans Wilsdorf, Ọmọ Òrukàn tí ó Sọ Aago Ọwọ́ di Ohun Iyì

Ní agbègbè wa yìí, láti Lekki títí dé Ajah, bí ènìyàn bá lọ sí ibi ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí ìsìnkú àgbà, kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ọrùn ọwọ́ àwọn ènìyàn pàtàkì tí ó wà níbẹ̀. Aago ọwọ́ olówó iyebíye ti di ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó ẹnu. Àwọn kan ra tiwọn ní tuntun. Àwọn kan jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé aago àtijọ́ ni wọ́n ń wá kiri, tí wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n sì ń náwó sí kí ó lè máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ìtàn ọkùnrin tí ó sọ aago ọwọ́ di ohun tí ọmọ ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Hans Wilsdorf ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ó dá ilé iṣẹ́ Rolex sílẹ̀.

Ìdí méjì ni ó mú kí ó yẹ kí a ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Èkíní ni pé kò fẹ́ kí ayé gba ọjà òun gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Èkejì ni pé nígbà tí ó di olówó tán, kò kó owó náà sin mọ́ ara rẹ̀. Ó ṣètò kí ó di àǹfààní ìlú tí ó gbà á lálejò.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Hans Wilsdorf ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1881, ní ìlú Kulmbach tí ó wà ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì. Òwò ohun èlò onírin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ilé wọn kì í sì í ṣe ilé òtòṣì. Ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí ayọ̀ ilé náà pẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá fi tẹ̀ lé e. Nígbà tí Hans yóò fi di ọmọ ọdún 12, òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì ti di ọmọ òrukàn.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ogún ọmọ òrukàn ní ọwọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ti Hans kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí òbí rẹ̀ ta ilé ìtajà bàbá rẹ̀, wọ́n pa owó rẹ̀ mọ́ fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì fi rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀ ní ìlú Coburg. Ó lè dà bí ohun líle pé a ta iṣẹ́ bàbá ẹni, ṣùgbọ́n Wilsdorf fúnra rẹ̀ gbà nígbà tí ó dàgbà pé ìgbésẹ̀ yìí ni ó kọ́ òun láti máa dá dúró láti kékeré, àti láti máa tọ́jú ohunkóhun tí òun bá ní. Ó mọ ìṣirò dáradára, ó sì fẹ́ràn èdè àjèjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún un nígbẹ̀yìn.

BÍ Ó TI DÉ ÌDÍ AAGO

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé Wilsdorf kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ aago ṣíṣe. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ péálì kan ní ìlú Geneva ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti rí bí a ti ń ra ọjà olówó iyebíye ní ibìkan tí a sì ń tà á ní ibòmíràn. Ní ọdún 1900, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó lọ sí La Chaux-de-Fonds ní ilẹ̀ Switzerland, ìlú tí iṣẹ́ aago jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cuno Korten, tí ń kó aago ránṣẹ́ sí òkèèrè, gbà á láti máa kọ lẹ́tà wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fránkì 80 ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí lẹ́tà kíkọ, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn lè pè ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń yí orí ọgọ́rọ̀ọ̀rún aago àpò kí wọ́n má baà dúró, tí ó sì ń wò ó bóyá olúkúlùkù ń lọ déédéé. Níbi tí ó ti ń ṣe èyí ni ó ti mọ̀ pé aago méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan máa sọ òtítọ́, kí èkejì sì máa purọ́. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìdánwò nìkan ni ó lè fi í hàn. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò ní ọkàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1903 ó kọjá lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1905, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 24, òun àti Alfred Davis dá ilé iṣẹ́ Wilsdorf & Davis sílẹ̀ ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníṣòwò wúrà àti òkúta iyebíye. Wọ́n ń kó ẹ̀rọ aago wá láti Switzerland, wọ́n ń fi í sínú ilé aago tí ó dára, wọ́n sì ń tà á fún àwọn onísọ́ọ̀bù.

Ní àkókò náà, inú àpò ẹ̀wù ni ọkùnrin ń fi aago sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò ńlá ti Èkó ìgbà náà ń ṣe, tí a ń rí ẹ̀wọ̀n aago ní igbá-àyà wọn nínú àwòrán àtijọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin ni wọ́n ka aago ọwọ́ sí. Àwọn oníṣẹ́ aago pàápàá sọ pé kò lè wúlò: ẹ̀rọ inú rẹ̀ kéré jù, apá tí a so ó mọ́ kì í sinmi, òógùn àti eruku yóò sì bà á jẹ́. Wilsdorf gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó mú àwọn àléébù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ní gbèsè láti san, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú wọn. Ó tọ ilé iṣẹ́ Aegler lọ ní ìlú Bienne, àwọn tí ó mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ó péye, ó sì fún wọn ní iṣẹ́ tí ó pọ̀ ju agbára oníṣòwò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1908 ó fi orúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní La Chaux-de-Fonds. Ó ti to lẹ́tà pọ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ kí ó tó rí orúkọ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orúkọ kúkúrú ni ó ń fẹ́, tí ahọ́n gbogbo ẹ̀yà lè pè, tí yóò sì gba ojú aago láìfúnpọ̀.

ẸLẸ́RÌÍ TÍ KÌ Í ṢE ARÁ ILÉ

Ẹlòmíràn ìbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọjà òun ni ó dára jù lọ. Wilsdorf mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń ta ọjà tí yóò sọ pé ọjà òun kò dára. Nítorí náà ni ó ṣe gbé aago rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀. Ní ọdún 1910, ibùdó ìdánwò aago ti ìjọba ní Bienne fún aago ọwọ́ Rolex kan ní ìwé ẹ̀rí pípéye, èyí tí aago ọwọ́ kankan kò tíì rí gbà rí.

Èyí kò tó o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìdánwò kan wà ní Kew tí ń yẹ aago àwọn ọkọ̀ ojú omi wò, irú aago ńlá tí atukọ̀ fi ń mọ ibi tí òun wà lórí agbami. Bí aago bẹ́ẹ̀ bá ṣìnà, ọkọ̀ lè forí sọ àpáta. Ọjọ́ 45 ni wọ́n fi dán aago ọwọ́ Wilsdorf wò níbẹ̀. Wọ́n gbé e dúró, wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ̀, wọ́n yí i padà ní ìhà márùn-ún; wọ́n gbé e sí ibi tútù, wọ́n sì gbé e sí ibi gbígbóná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1914, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí ipò kìíní, òun sì ni aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn ti wọlẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí ogun ńlá àkọ́kọ́ fi bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ogun tí ó wà nínú yàrà, tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí àyè ki ọwọ́ bọ àpò wá aago. Aago ọwọ́ sì di ohun èlò ogun. Báyìí ni ogun fi òpin sí èrò pé ti obìnrin nìkan ni. Ṣùgbọ́n ogun kan náà mú ìdààmú bá Wilsdorf. Ó ti fẹ́ Florence Crotty, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1911, ọkàn rẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ Jámánì ni ó ń jẹ́ ní àkókò tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1915 ilé iṣẹ́ náà fi orúkọ Wilsdorf & Davis sílẹ̀, ó di Rolex Watch Company. Ní ọdún kan náà ni ìjọba gbé owó ibodè tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọjà lé àwọn ọjà olówó ńlá tí ń wọlé, aago sì wà nínú wọn. Nígbà tí ogun parí, ó kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Geneva, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

OMI, ERUKU ÀTI IYỌ̀

Ó kù gbèsè kan tí kò tíì san. Aago tí ó péye lónìí lè dógùn-ún lọ́la bí omi tàbí eruku bá rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀nà tí ó sì rọrùn jù fún omi ni ihò kékeré tí orí aago gbà wọlé, ibi tí a ń yí láti fún un ní agbára. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní Switzerland, Perregaux àti Perret, ti ronú orí aago tí a lè yí wọlé bí ìdérí ìgò títí yóò fi dé pinpin. Wilsdorf ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1926 ó gbé aago tí ó pè ní Oyster jáde, ó fi sọrí ẹ̀dá inú omi tí ń pa ìkarahun rẹ̀ méjèèjì dé. Ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ àti orí rẹ̀, gbogbo wọn ni a yí mọ́ra gírígírí.

Wọ́n gbé aago náà sínú agbada onígíláàsì tí ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀, lójú fèrèsé àwọn sọ́ọ̀bù, kí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó lókìkí jù lọ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mercedes Gleitze. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1927 ni obìnrin yìí wẹ omi òkun tí ó wà láàrin Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já. Láìpẹ́, obìnrin mìíràn purọ́ pé òun náà ti wẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa Gleitze pẹ̀lú. Ó ní òun yóò tún un wẹ̀. Wilsdorf fún un ní Oyster kan, ó fi so mọ́ ọrùn, ó sì bọ́ sínú omi ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Omi náà tutù púpọ̀. Lẹ́yìn wákàtí tí ó ju mẹ́wàá lọ, wọ́n fà á jáde kí ó tó gúnlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún ṣiyèméjì nípa agbára rẹ̀ mọ́, aago ọrùn rẹ̀ sì ń lọ déédéé. Ní oṣù Kọkànlá, Wilsdorf fi gbogbo ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Daily Mail polongo ohun tí aago náà ṣe.

Ní ọdún 1931 ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé aago tí ń fi ìmìtìtì apá yí ara rẹ̀ jáde. Òtítọ́ ni a gbọ́dọ̀ sọ: ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Harwood, ti ṣe aago ọwọ́ tí ń yí ara rẹ̀ ṣáájú èyí. Ohun tí ti Rolex fi jù ú ni pé irin inú rẹ̀ lè yí po pátápátá láìsí ohun tí ó dá a dúró. Níwọ̀n ìgbà tí a kò sì ní láti máa ṣí orí aago lójoojúmọ́ mọ́, omi àti eruku kò rí àyè wọlé bí ti tẹ́lẹ̀.

ÌWÀ RẸ̀ ÀTI ỌJỌ́ ÌKẸYÌN RẸ̀

Nígbà ogun ńlá kejì, wọ́n gba aago lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó bọ́ sí ẹ̀wọ̀n ní Jámánì. Wọ́n kọ̀wé sí Wilsdorf ní Geneva láti ra òmíràn. Ó fi aago ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ títí ogun yóò fi parí. Ọmọ Jámánì ni ó bí i, ṣùgbọ́n nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi hàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà pé òun gbà pé wọn yóò bọ́, wọn yóò sì san gbèsè wọn.

Ní ọdún 1944 ìyàwó rẹ̀ kú, wọn kò sì bí ọmọ. Dípò kí ó jókòó ti ìbànújẹ́, ní ọdún 1945 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, ó sì ṣètò pé kí gbogbo ìpín òun nínú Rolex di ti àjọ náà. Nípa èyí, ẹnikẹ́ni kò lè pín ilé iṣẹ́ náà mọ́ bí ẹran ọdún, kò sì sí àjèjì tí ó lè rà á. Ní ọdún kan náà ni aago Datejust jáde, tí ń fi ọjọ́ oṣù hàn lójú rẹ̀. Ní ọdún 1946 ó dá ilé iṣẹ́ Tudor sílẹ̀ ní tirẹ̀, kí àwọn tí owó wọn kò ká Rolex lè rí aago tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé rà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1960, ọkọ̀ abẹ́ omi Trieste gbé aago Rolex kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìn jù lọ nínú òkun Pasífíìkì, ó ju 10,900 mítà lọ, aago náà sì padà wá láàyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, Hans Wilsdorf kú ní Geneva, ní ẹni ọdún 79. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni orílẹ̀-èdè tiwa gba òmìnira.

ÀWỌN AAGO TÍ Ó FI SÍLẸ̀ FÚN WA LÁTI TỌ́JÚ

Ní ọdún 1969 ni àwọn ará Japan gbé aago ọwọ́ Seiko onibátìrì jáde, èyí tí ó péye ju aago onísípíríǹgì lọ tí ó sì wá di ọ̀pọ̀ lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland ni ó kógbá sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò ju aago onísípíríǹgì nù, nítorí pé a lè tún un ṣe láti ìran dé ìran. Ìdí nìyí tí aago bàbá ẹni fi lè wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ, bí a bá mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Àwa tí òkun wà ní ọ̀tún wa, tí ọ̀sà sì wà ní òsì wa, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Afẹ́fẹ́ wa ní iyọ̀ nínú. Rọ́bà tí ń dí ẹnu aago kì í pẹ́ títí láé. Ó ń gbẹ, ó sì ń sán. Aago tí kò gba omi ní ọdún 1965 kò ṣe é gbé wọ omi lónìí láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá gbé aago tuntun dé etíkun, kí a fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ ṣàn án, kí a sì rí i pé orí rẹ̀ ti wọlé pinpin. Bí ìkùukùu bá hàn lábẹ́ gíláàsì, kí a má ṣe sá a sóòrùn. Kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìpẹtà kì í fúnni ní ọjọ́ ìdúró. Òróró inú aago pẹ̀lú ń gbẹ, irin yóò sì máa ha irin. Ilé iṣẹ́ Rolex ń gbani nímọ̀ràn pé kí a mú aago wá fún ìtúnṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Aago àtijọ́ kì í lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá jogún aago kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún lójú tàbí kí ó máa rín in kí ó lè dán. Ojú aago tí ó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí níyì lójú àwọn olùkójọ ju èyí tí a tún kùn lọ. Bí a bá pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀, kí a gba èyí tí a yọ, kí a sì pa á mọ́ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àwọn aago tí ó ti wà kí ọdún 1960 tó dé tí ń tàn lóru lè ní rédíọ̀ọ̀mù lójú wọn, májèlé ni. Kí a má ṣe ṣí wọn tàbí kí a ha wọ́n nínú ilé.

Ní ti ayédèrú, ó ti kún ọjà. Ó lè dán ju ojúlówó lọ. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ tí opó fẹ́ ta aago ọkọ rẹ̀ láti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Kí olúkúlùkù ṣe bí Wilsdorf ti ṣe: kí ó mú aago náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni mìíràn tí kò ní èrè nínú títà rẹ̀, kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì jẹ́rìí sí i, kí owó tó jáde lápò.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́

Àjọ tí Wilsdorf dá sílẹ̀ ni ó ṣì ni Rolex títí di òní. Láti inú èrè rẹ̀ ni ó ti ń ran àwọn aláìní, ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ní Geneva. Ní ọdún 2001 ni Rolex ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lititz ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ ìtúnṣe aago láìsan owó ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo aago tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ ní agbègbè wa, mélòó ni ọmọ wa lè ṣí kí ó sì dé padà láìbà á jẹ́? Iṣẹ́ tí ń bẹ níwájú àwọn ọ̀dọ́ wa nìyí, ó sì yẹ kí àwọn tí Ọlọ́run bù kún ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ọ.

Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí afárá kan lórí odò Arve ní Geneva. Owó àjọ Wilsdorf ni wọ́n fi kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Àwa tí à ń gbé ní àárín omi méjì kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé iyì afárá fún wa. Aláboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ń gba orí rẹ̀ kọjá, ọmọ ilé ìwé ń gba orí rẹ̀ kọjá, àti ẹni tí kò ní aago lọ́wọ́ rárá. Ọmọ òrukàn láti Kulmbach kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó ń jẹ ogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn olówó inú wa, bí wọ́n ti ń wo aago ọwọ́ wọn láti mọ àkókò, máa rántí bi ara wọn léèrè ohun tí ìlú yóò rí tọ́ka sí lẹ́yìn wọn.